Eyín tánganran nínú párì tí a fi egungun ṣe àbùlẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ eyín tánganran tí wọ́n ń polówó kiri lórí fóònù àti rédíò la fẹ́ bá àwọn òǹkàwé yín sọ. "Kò ní irin nínú," "ara kò lè kọ̀ ọ́," "ó funfun látìdí dókè," báyìí ni wọ́n ń kéde rẹ̀. Ẹni tí eyín kan ṣoṣo ká lẹ́nu rẹ̀, tí egungun párì rẹ̀ ṣì pé pérépéré, lè lọ béèrè rẹ̀, kò sí aburú níbẹ̀. Àwọn tí a tìtorí wọn mú bírò ni àwọn tí wọ́n gé lápá kan párì nítorí kókó, tí wọ́n sì bu egungun láti ìgbáròkó tàbí láti ẹsẹ̀ fi dí ibẹ̀. Nínú irú ẹnu bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n fi ṣe gbòǹgbò eyín ni ó yẹ kí a gbẹ̀yìn rò. Egungun ló ń pinnu. Awọ tó bo egungun ló tẹ̀ lé e. Ìgbà tí méjèèjì bá dáa tán la tó ń jiyàn irin titanium àti tánganran, titanium ló sì sábà ń borí.

Kí ọ̀rọ̀ má baà lọ́jú, implant ni gbòǹgbò àtọwọ́dá tí wọ́n ń yí wọ inú egungun bí súkúrù. Èyí tó pọ̀ jù ń gùn tó mìlímítà 8 sí 12, ó sì ń fẹ̀ tó 3.5 sí 5. Egungun á hù mọ́ ọn lára, lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé eyín lé e lórí. Per-Ingvar Brånemark ará Swídìn fi titanium ṣe é fún ènìyàn ní 1965, titanium náà sì ni ayé ń lò jù títí dòní. Èyí tí wọ́n ń pè ní tánganran kì í ṣe ti àwo oúnjẹ. Zirconia ni, a ó sì padà sọ́rọ̀ rẹ̀.

Kókó tó ń gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn dé orí tábìlì iṣẹ́ abẹ párì nílẹ̀ wa ni ameloblastoma. Láti ara àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣẹ̀dá eyín ló ti ń hù. Kì í dunni níbẹ̀rẹ̀. Párì ìsàlẹ̀ á kàn máa wú díẹ̀díẹ̀, eyín á máa mì, ẹni tó ni í á máa fi àgbo fọ ẹnu, ọdún á gorí ọdún. Àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn tí kò tíì dàgbà púpọ̀ ló sábà ń mú. Bí wọ́n bá kàn ha inú rẹ̀ jáde, ó ń padà, ó sì lè tó ọdún 10 kó tó yọjú. Ìdí nìyí tí oníṣẹ́ abẹ fi ń gé egungun kọjá ibi tí àwòrán fi hàn pé kókó dé, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 1, nígbà mìíràn 2, lọ́tùn-ún lósì. Kókó tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 6 á wá fi àlàfo 8 sí 10 sílẹ̀. Ẹni tó tètè wá nígbà tí tirẹ̀ kò tíì ju sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3 lọ ti bọ́ nínú ọ̀pọ̀ wàhálà tí a fẹ́ sọ yìí.

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni wọ́n ń gbà dí àlàfo náà. Ọ̀kan ni egungun etí ìgbáròkó, tí wọ́n ń gé ní ẹ̀là kan gbe lọ sí párì, láìsí ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ mọ́. Ilé tuntun ló gbọ́dọ̀ bọ́ ọ. Òpó ẹ̀jẹ̀ wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ á ti ojú egungun méjèèjì àti inú ẹran tó yí i ká wọlé, ara á máa jẹ egungun àtijọ́ kúrò, á máa fi tuntun dípò. Ìrìn náà kò yá. Bí àlàfo bá ti kọjá nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 6, àárín lè ti kú kí ẹ̀jẹ̀ tó dé ibẹ̀. Fún irú àlàfo gígùn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń lo egungun pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó fara ti ojúgun, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní fibula. Tòun ti òpó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e. Wọ́n á so òpó náà mọ́ ti ọrùn lábẹ́ maikirosíkóòpù, pẹ̀lú òwú tí ojú lásán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí. Hidalgo ará Amẹ́ríkà ló kọ bí wọ́n ṣe ń fi ṣe párì síta ní 1989. Sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25 ni wọ́n lè rí gé lára àgbàlagbà, bí wọ́n bá ti fi bíi 6 sí 8 sílẹ̀ lápá ọrùn ẹsẹ̀ àti lápá orúnkún kí ẹsẹ̀ má baà yẹ̀.

Itọ́ ló ń pa àbùlẹ̀ ìgbáròkó jù. Ẹnu kún fún kòkòrò àìlèfojúrí. Bí ojú rírán inú ẹnu bá là bí orí abẹ́rẹ́, itọ́ á jò wọlé, egungun tí kò tíì ní ẹ̀jẹ̀ kò sì ní ohun tó máa fi jà. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ fi ń kọ́kọ́ gé kókó kúrò, wọ́n á fi irin pẹlẹbẹ titanium dá párì dúró, wọ́n á dúró dìgbà tí inú ẹnu bá san tán, kí wọ́n tó gba abẹ́ àgbọ̀n wọlé láti òde wá fi egungun sí i láìkan inú ẹnu rárá. Mímì náà ń pa á. Irin pẹlẹbẹ yẹn gbọ́dọ̀ ní súkúrù 3, ó kéré tán, nínú egungun tó kù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá dúró digbí, ẹran líle bí okùn ni yóò hù sáàárín egungun méjèèjì, wọn kò sì ní í lẹ̀ mọ́ra láé. Bákan náà, ẹni tó bá mọ̀ pé eyín ń bọ̀ wá dúró síbẹ̀ lọ́jọ́ iwájú á to súkúrù sí ìsàlẹ̀ párì. Ẹni tí kò ronú kàn án á to wọ́n sí àárín gbùngbùn, ibẹ̀ gan-an ni gbòǹgbò eyín sì fẹ́ gbà. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fi eyín sí i, wọ́n á ní láti tún ọrùn là kí wọ́n lè tú súkúrù.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ti ìgbáròkó fúnra rẹ̀, nítorí kì í sí nínú ìpolówó kankan. Ẹni tí wọ́n gé egungun níbẹ̀ á tiro fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, awọ itan rẹ̀ níta sì lè kú tipiri bí wọ́n bá fa iṣan ìmọ̀lára tó gba ibẹ̀ kọjá. Èyí sábà máa ń lọ. Nígbà mìíràn, kì í lọ.

Lẹ́yìn àbùlẹ̀, àkókò ló kù. Fún ti ìgbáròkó, oṣù 4 sí 6 ni kí wọ́n dúró. Ẹni tó bá sáré fi implant sí i ní oṣù kejì ń lu ihò sínú egungun tí kò tíì jí. Ẹni tó sì dúró pẹ́ jù á bá a pé egungun ti joro, nítorí egungun tí kò rí iṣẹ́ ṣe ni ara máa ń jẹ padà, pàápàá láàárín ọdún àkọ́kọ́. Fibula kì í joro bẹ́ẹ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní àbùkù tirẹ̀: kò ga. Párì ìsàlẹ̀ àgbàlagbà tó ṣì ní eyín lè ga ní mìlímítà 30 níwájú. Fibula kì í sábà ju 12 sí 15 lọ. Bí wọ́n bá tò ó mọ́ ìsàlẹ̀ párì kí ojú lè gún, eyín tí wọ́n fẹ́ gbé lé e á ga fíofío, bí òpó gíga lórí ìpìlẹ̀ kúkúrú. Gbogbo ìgbà tí onítọ̀hún bá jẹun ni agbára á máa fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn kan ń ṣẹ́ egungun náà po sí méjì, ọ̀kan lórí èkejì, kí ó lè ga tó.

Kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ eyín, àwòrán síkáànù CT gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀. Implant tó fẹ̀ ní mìlímítà 4 nílò egungun tó fẹ̀ tó nǹkan bí 7, kí mìlímítà kan àtààbọ̀ lè kù níwájú àti lẹ́yìn. Gíga egungun yẹ kó tó 10. Bí wọ́n bá fi méjì síra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, àlàfo 3 ló gbọ́dọ̀ wà láàárín. Láàárín implant àti eyín àdánidá, 1.5. Níbi tí iṣan ìmọ̀lára ètè ìsàlẹ̀ bá ṣì wà nínú párì, kí ìdí implant jìnnà sí i ní mìlímítà 2. Àwòrán pẹlẹbẹ lásán tí wọ́n ń yà fún gbogbo eyín kì í fi fífẹ̀ egungun hàn. Ẹni tí wọ́n bá fi ìyẹn nìkan ṣètò iṣẹ́ fún, kí ó béèrè èyí tó kù.

Àwọn oníròyìn kì í sábà sọ̀rọ̀ awọ, bẹ́ẹ̀ òun ló ń ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ jẹ́. Erìgì tó yí eyín àdánidá ká tín-ín-rín, ó le, ó sì lẹ̀ mọ́ egungun pinpin. Awọ tí wọ́n gbé pẹ̀lú fibula wá láti ẹsẹ̀ ńkọ́? Ó nípọn, ọ̀rá wà nínú rẹ̀, kò lẹ̀ mọ́ egungun, irun ẹsẹ̀ sì lè máa hù nínú ẹnu. Bí implant bá yọ láàárín irú awọ bẹ́ẹ̀, awọ á máa lọ síwá sẹ́yìn lára rẹ̀, oúnjẹ á ha sábẹ́, á pọ́n, á sì máa ṣẹ̀jẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ gé ọ̀rá rẹ̀ dànù, kí wọ́n fi ẹran líle tí wọ́n ṣí láti àjà ẹnu rọ́pò rẹ̀ yí ọrùn implant ká. Irú ohun yòówù kí wọ́n fi ṣe implant, kò lè gba iṣẹ́ yìí ṣe.

Ó wá kan tánganran. Martin Heinrich Klaproth ará Jámánì ló ṣàwárí zirconium ní 1789, irin sì ni. Zirconia tí wọ́n fi ń ṣe eyín ni irin yẹn lẹ́yìn tí ó ti pa pọ̀ mọ́ ọ́síjìn, bí ìpẹtà ṣe jẹ́ irin tó ti pa pọ̀ mọ́ ọ́síjìn, àfi pé zirconia le koko, ó sì funfun. (Yanrìn tí wọ́n ti ń rí i wà lára èérún tó ṣẹ́kù níbi tí wọ́n ti wa tin ní Jos.) Nítorí náà, "kò ní irin nínú" jẹ́ òótọ́ lápá kan: kì í ṣe irin mọ́, ṣùgbọ́n ọmọ irin ni.

Gbòǹgbò eyín tí kì í ṣe irin kì í ṣe ohun tuntun. Sami Sandhaus ní Switzerland ti ń ṣe é láti àwọn ọdún 1960, alumina, ìyẹn aluminium tó ti pa pọ̀ mọ́ ọ́síjìn, ló fi ṣe é. Àwọn ará Tübingen ní Jámánì tẹ̀ lé e ní àwọn ọdún 1970. Egungun gba alumina, kò kọ̀ ọ́ rárá. Fífọ́ ló ń fọ́, ìyẹn ló lé e kúrò lọ́jà. Zirconia le ju bẹ́ẹ̀ lọ nítorí ọgbọ́n kan tí Garvie àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ọsirélíà kọ síta ní 1975. Wọ́n ń pò ó mọ́ yttria (irin yttrium tó ti pa pọ̀ mọ́ ọ́síjìn) díẹ̀, nǹkan bí 3 nínú 100, èyí tó ń di àwọn ẹyọ inú rẹ̀ mú ní ìrísí kan tí kì í ṣe ti àdánidá rẹ̀ nínú ooru ara. Bí ìlà ìsán bá fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá, àwọn ẹyọ tó wà lẹ́nu ìsán náà á jabọ̀ sí ìrísí àdánidá wọn, wọ́n á wú bíi 4 nínú 100, wọ́n á sì fún ẹnu ìsán náà pa. Ohun tó dùn mọ́ni ni. Ṣùgbọ́n omi náà lè fa ìyípadà yìí ní ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀, lílọ̀ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ gbígbóná sì lè fà á lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìyípadà bá ti ṣẹlẹ̀ káàkiri ojú rẹ̀, dípò kí ó fún ìsán pa, òun gan-an ló máa dá ìsán sílẹ̀. Ní 2001, wọ́n kó orí egungun itan àtọwọ́dá kan tí wọ́n fi zirconia ṣe kúrò lọ́jà káàkiri ayé, nítorí pé wọ́n pààrọ̀ ààrò tí wọ́n fi ń sun ún, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ sínú ara ènìyàn. Èròjà kan náà, ọ̀nà sísun ló yàtọ̀. Ìdí nìyí tí zirconia tí kò ní orúkọ ilé iṣẹ́ àti nọ́ńbà ìpín lára páálí rẹ̀ kò fi yẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ní ti ìwà rere rẹ̀, a kò ní í fi pamọ́. Èérí ẹnu kì í fi bẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Lábẹ́ erìgì tín-ín-rín, kì í hàn dúdú bí titanium ṣe lè hàn. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ titanium ní tòótọ́ á rí ibi yà sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Ẹni tí ẹ̀gbà ọrùn ń yún kò bá titanium jà, irin mìíràn, nickel, ló sábà ń fa ìyẹn. Bí eyín bá jẹ́ ẹyọ kan nínú egungun àdánidá, àwọn ìwádìí ọdún 5 fi hàn pé ó lé ní 90 nínú 100 tó ṣì ń dúró.

Gbé e wá sínú párì àbùlẹ̀ wàyí. Ọ̀pọ̀ implant tánganran ló jẹ́ odindi kan: gbòǹgbò àti ọrùn tó máa gbé eyín kò ṣe é yà. Ti titanium sábà máa ń jẹ́ onípín méjì. Wọ́n á rì í sínú egungun, wọ́n á rán erìgì bò ó, á sùn fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Odindi kan kò lè sùn. Orí rẹ̀ ti yọ síta láti ọjọ́ kìíní, ahọ́n ń tì í, oúnjẹ ń lù ú, eyín òkè ń gbá a. Egungun àbùlẹ̀ ìgbáròkó rọ̀ bí kànǹkàn nínú. Ìmìtìtì tó bá ti kọjá ìdá mẹ́wàá mìlímítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀ ti tó láti sọ egungun tó fẹ́ hù di ẹran okùn.

Ìdúró rẹ̀ náà tún wà níbẹ̀. Nínú párì tí a tún ṣe, egungun ló ń sọ ibi tí implant máa kọjú sí. Kì í sábà bá ibi tí eyín yẹ kó kọjú sí mu. Lórí titanium, wọ́n ní ọrùn tó tẹ̀ ní digirii 17 tàbí 30, wọ́n á fi tún un ṣe. Odindi tánganran kò ní irú rẹ̀. Ṣé kí wọ́n wá lọ̀ ọ́ kí ó lè gún? A ti sọ ohun tí lílọ̀ ń ṣe fún un. Tánganran onípín méjì ti wà o, ṣùgbọ́n àwọn ohun èlò rẹ̀ kò tíì pọ̀ tó ti titanium. Ẹni tí wọ́n gé ìdajì párì rẹ̀ sì sábà máa ń nílò ọ̀pá kan tó so implant 3 tàbí 4 pọ̀, tí wọ́n ń fi súkúrù dè, tó ṣe é tú láti fọ̀.

Bí ó bá wá fọ́ ńkọ́? Súkúrù titanium tó bá ṣẹ́, wọ́n lè yọ ọ́ kí wọ́n fi òmíràn. Tánganran sábà ń fọ́ ní ọrùn, níbi tó ti wọ egungun. Gbòǹgbò tó kù sínú, ẹ̀rọ oníhò róbótó ni wọ́n máa fi gé e yí ká kó tó jáde, á sì mú egungun tó fẹ̀ ju òun fúnra rẹ̀ lọ dání. Egungun tí aláìsàn tìtorí rẹ̀ tiro fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nìyẹn. Kò ní ìgbáròkó kẹta.

Ọ̀rọ̀ "kò ní irin" yìí sì máa ń pani lẹ́rìn-ín. Párì tí ìpolówó ń pè wá fún tánganran ni irin pẹlẹbẹ titanium gígùn ti wà lára rẹ̀ pẹ̀lú súkúrù 6 sí 10. Ẹni tó ti gbé ìyẹn fún ọdún méjì láìsí ìpalára ti dán titanium wò tán.

Èyí tó ká wa lára jù ni ti àyẹ̀wò. Ẹni tó ti ní ameloblastoma gbọ́dọ̀ máa ya àwòrán fún ọdún púpọ̀. Zirconia ń dí ìtànṣán X-ray ju titanium lọ; lórí síkáànù CT, ó ń fa ìlà funfun àti òjìji dúdú káàkiri àyíká rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni kókó kékeré tó ń padà bọ̀ lè sá sí. Lórí MRI, àwòrán tí wọ́n ń fi òòfà yà, tánganran ló sàn ju titanium. Ṣùgbọ́n CT àti X-ray lásán ni wọ́n fi ń ṣọ́ egungun, kò sì wọ́n tó MRI.

Nígbà náà, ibo ni tánganran ti yẹ nínú àbùlẹ̀? Ibi tí àbùlẹ̀ ti kéré: eyín iwájú òkè kan ṣoṣo, tí erìgì rẹ̀ tín-ín-rín, tí wọ́n fi egungun díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ó lè fẹ̀ ní mìlímítà 2 tàbí 3. Tàbí eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́ òkè níbi tí wọ́n gbé ilẹ̀ ihò afẹ́fẹ́ inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ sókè, tí wọ́n ki egungun sábẹ́ rẹ̀. Níbẹ̀, bí egungun tó kù nísàlẹ̀ ihò bá dín sí mìlímítà 4 tàbí 5, kí wọ́n ki egungun lọ́tọ̀, kí wọ́n dúró fún oṣù 6 sí 9, kí wọ́n tó fi implant sí i. Lẹ́yìn iṣẹ́ yẹn, aláìsàn kò gbọ́dọ̀ fun imú fún ọ̀sẹ̀ méjì, bí ó bá fẹ́ sín, kí ó la ẹnu; èémí líle á fa awọ ihò ya, egungun tí wọ́n kì síbẹ̀ á sì dà jáde. Egungun màlúù tí wọ́n ti sun ẹran inú rẹ̀ kúrò ni wọ́n ń lò jù fún kíkì, awọ tí wọ́n fi ń bò ó sì sábà máa ń jẹ́ ti ẹlẹ́dẹ̀. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gbà á, kí ó sọ ọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ti màlúù wà.

Bí wọ́n bá ti gbà láti lo tánganran, ìlànà rẹ̀ le ju ti titanium lọ. Kí ẹ̀rọ ìlùhò má ṣe yí ju ìgbà 800 lọ ní ìṣẹ́jú kan, kí omi iyọ̀ tútù máa dà sí i láìdáwọ́ dúró, nítorí egungun tí ooru rẹ̀ dé ìwọ̀n Celsius 47 fún ìṣẹ́jú kan péré ń kú. Nínú egungun líle bíi fibula, kí wọ́n fi irinṣẹ́ la ojú ọ̀nà súkúrù sílẹ̀ kí implant tó wọlé. Agbára yíyí tó bá kọjá 35 Ncm lè sán tánganran lójú ibi tí ẹnìkan kò lè rí. Bí ó bá há, kí wọ́n yí i padà sẹ́yìn, kí wọ́n tún ihò ṣe. Kí wọ́n má fi agbára tì í. Kí implant eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́ má dín ní mìlímítà 4 ní fífẹ̀. Kí wọ́n ṣe ike ìdáàbòbò tí kò kàn án lórí fún gbogbo oṣù ìwòsàn, kí ahọ́n àti oúnjẹ má rí i tì. Bí ó bá wá kan àkókò eyín, sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ odindi kan. Sìmẹ́ńtì tó bá ṣẹ́kù sábẹ́ erìgì á dá ọyún sílẹ̀ lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún, àwọn kan á sì rò pé tánganran ni ara kọ̀. Kí ojú ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀ má lọ ju mìlímítà kan sábẹ́ erìgì, kí wọ́n sì ya àwòrán lẹ́yìn lílẹ̀.

Àwọn kan wà tí wọn ò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rárá títí ohun mìíràn á fi tò. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tí HbA1c rẹ̀ (àyẹ̀wò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ fún bí oṣù mẹ́ta) ti kọjá 8 nínú 100, kí ó kọ́kọ́ lọ mú un wálẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti fi ìtànṣán tọ́jú jẹjẹrẹ párì rẹ̀, kí ó gbé ìwé iye ìtànṣán náà wá. Bí ó bá lé ní 50 Gy (Gray, ìwọ̀n ìtànṣán), egungun rẹ̀ lè kú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kékeré. Ẹni tí ń gba abẹ́rẹ́ zoledronic acid tàbí denosumab fún egungun tàbí jẹjẹrẹ, kí ó má fi pamọ́. Ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde gbọ́dọ̀ ní dókítà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nínú ètò náà. Sìgá àti áásáà ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ pa, àbùlẹ̀ sì ń gbé ara lé òpó ẹ̀jẹ̀ tuntun; ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú àti oṣù méjì lẹ́yìn ni ó kéré jù tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi dáwọ́ dúró.

Tí eyín bá ti wà lẹ́nu, ẹ má fi fọ́ egungun ẹran, ẹ má fi ṣí ìdérí ìgò. Ẹ lè máa rin pákò lára àwọn eyín tó kù; yí implant ká, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín tó ń wọ àárín eyín ni kí ẹ lò. Ẹni tó ń pa eyín keke lójú oorun, kí wọ́n ṣe ike alẹ́ fún un. Bí erìgì ibẹ̀ bá ń ṣẹ̀jẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ẹ padà lọ kí ó tó dùn yín, nítorí kì í tètè dun ènìyàn.

Kò sì pọn dandan kí gbogbo párì àbùlẹ̀ ní implant 4. Eyín yíyọ tí implant titanium 2 gbá mú ń jẹ iṣu àti ẹran dáadáa, owó rẹ̀ kéré sí i, ó sì rọrùn láti fọ̀. Àwọn tí egungun wọn kò gba implant rárá lè lo eyín yíyọ tó gbára lé eyín tó kù lódìkejì.

Ẹni tó bá wọ ọ́fíìsì oníṣègùn, kí ó béèrè bóyá ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso àwọn oníṣègùn àti oníṣègùn eyín ní Nàìjíríà, bóyá ìwé àṣẹ ọdún yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀, oníṣẹ́ abẹ párì wo ló máa bá a ṣe é, implant mélòó nínú egungun àbùlẹ̀ ló ti ṣe, mélòó ló sì yọ. Kí ó béèrè sítíkà tí ń bá páálí implant wá, tó ní orúkọ, ìwọ̀n àti nọ́ńbà ìpín, kí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ káàdì tirẹ̀. Ẹni tí yóò tú u ní ọdún 15 sí i lè máà jẹ́ ẹni tó fi í sí i, súkúrù ilé iṣẹ́ kan kì í sì í bá ti òmíràn mu. Ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH n'Íbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà àti OAUTHC n'Ílé-Ifẹ̀ ní ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ẹnu àti párì. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé kókó wà ní párì rẹ̀, ibẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ gbà kọjá, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń ta eyín.

Olóòtú wa, ẹ̀bẹ̀ kan la ní sí yín. Bí ilé iṣẹ́ kan bá gbé ìpolówó eyín tánganran wá sí ìwé ìròyìn yín, ẹ ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ oníṣègùn wọn sínú rẹ̀, kí wọ́n sì sọ bóyá egungun àdánidá ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ tàbí ti àbùlẹ̀. Ìlà méjì péré ni yóò gbà nínú ìpolówó náà.

Àwa ni tiyín,
Àwọn oníṣègùn eyín àti iṣẹ́ abẹ párì, Ìbàdàn